Ámpù túùbù tápá mẹ̀kúnnù lè ká: Ìkòròdú ni mo wà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Okùn_Mẹ́fà (Ìgbógbó, Ìkòròdú)
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ámpù túùbù (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, tó ń fi túùbù onígíláàsì ṣiṣẹ́ dípò transistor) ni mo fẹ́ rà fún gìtá mi, èyí tápá mi máa ká. Owó tó wà nílẹ̀ ò ju 350k lọ, tí mo bá fi agídí wá a ó lè di 400k. Ilé ni mo ti máa ń ta á jù, yàrá kan àti pálọ̀ ni, láńlọ́ọ̀dù ń gbé lókè orí mi, tó bá di Sunday mo máa ń ta lẹ́ẹ̀dì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan la máa ń lọ òde. Jùjú, highlife àti gospel ló pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń ta, àmọ́ mo fẹ́ kí ámpù yẹn lè ké díẹ̀ nígbà tí blues bá gbé mi. Ẹnì kan ní Alábà ní Fender Blues Junior tòkunbọ̀ kan ń bẹ lọ́wọ́ òun, ó ní Amẹ́ríkà ló ti wá tààrà. Ẹlòmíì tún ní kí n gba Orange Micro Terror, pé túùbù lòun náà, pé owó ẹ̀ ò tiẹ̀ wọ́n. Orí mi ti dàrú. Èwo ni kí n gbé?

Badagry_Bass
Àbúrò, kó o tó na owó sí Blues Junior yẹn, yí ẹ̀yìn ẹ̀ síta kó o ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wáyà iná ti ń wọlé. Tó bá jẹ́ 120V 60Hz ló wà níbẹ̀, iná Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún, tiwa níbí 230V 50Hz ni. Àwọn ọmọ ọjà á kàn yọ orí púlọ́ọ̀gì kúrò, wọ́n á fi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sí i, wọ́n á ní "ọ̀gá ó ti dé o", ìwọ náà á gbé e délé. Ọjọ́ tó o bá tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tórí bá bá ẹ ṣe é fíúsì nìkan ló máa lọ, tórí ò bá bá ẹ ṣe é tìráńsífọ́mà á tẹ̀ lé e, tìráńsífọ́mà ámpù túùbù kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń tà ní gbogbo ìkóríta.

Èmi o, ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí ni pé kí wọ́n wá tòkunbọ̀ tó ti Yúróòpù wá. UK, Jámánì, Faransé, Hòláńdì, iná wọn àti tiwa bára mu, 230V 50Hz náà ni. Èyí tó bá ti UK wá, púlọ́ọ̀gì orí ẹ̀ gan-an á wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ẹ láìṣe wàhálà. Tàwọn Jámánì àti Faransé, ẹlẹ́sẹ̀ roboto ni, ìyẹn ò le, orí wáyà lásán lo máa pààrọ̀.

Ẹ̀pẹ́_Lẹ́ẹ̀dì
Stepdown, ẹ̀rọ tó ń sọ iná 230V wa di 120V, ńkọ́? Ẹ ti ń dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Ọjà Amẹ́ríkà ló pọ̀ nígboro, ìgbà míì owó wọn sì máa ń rọjú nítorí iná wọn yẹn náà. Ra stepdown, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ámpù, kó o máa gbádùn ẹ lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ẹ̀pẹ́ níbí, bí wọ́n ṣe ń lò ó nìyẹn.

Ẹnjiníà_Sábó
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí iṣẹ́ tí mò ń jẹun lára ẹ̀ nìyí.

Stepdown ń ṣiṣẹ́, Ẹ̀pẹ́_Lẹ́ẹ̀dì ò purọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n kọ 500W sí lára lọ́jà yẹn, ẹ kọ́kọ́ gbé e wò, tó bá fúyẹ́ bíi páálí, kọ́pà inú ẹ̀ ò tó nǹkan kan, 500W yẹn orí páálí ló wà. Ẹ tún má rò pé ámpù 15 wọ́ọ̀tì, 15 wọ́ọ̀tì ló ń fà lára iná o. Ohun tó ń mú túùbù gbóná nìkan ti tó bẹ́ẹ̀: EL84 kan (túùbù power, èyí tó ń ti sípíkà) ń jẹ 0.76 ampere ní 6.3 fóòtì, 12AX7 kan (túùbù kékeré tó wà níwájú) ń jẹ 0.3, ẹ wá ṣírò EL84 méjì àti 12AX7 mẹ́ta bó ṣe wà nínú Blues Junior, ó ti lé ní 15 wọ́ọ̀tì kẹ́ ẹ tó ta okùn kan ṣoṣo. Ẹ wo iye tí wọ́n kọ sẹ́yìn ámpù, kẹ́ ẹ ra stepdown tó fi ìlọ́po méjì jù ú lọ. Tìráńsífọ́mà tí wọ́n ṣe fún 60Hz nìkan, tó bá dórí 50Hz tiwa á máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, kódà kí fóòtì ẹ̀ pé, èyí ò sì ní kẹ́ ẹ mọ̀ lọ́jọ́ kan, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló ń ba nǹkan jẹ́.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń ká mi lára. Áàtì ni, wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Stepdown ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó kún ìgboro yìí, kì í gbé áàtì kọjá. Okùn gìtá yín so mọ́ irin inú ámpù, irin yẹn ló yẹ kó so mọ́ áàtì. Tí áàtì ò bá sí, tí nǹkan kan bá wá já nínú ámpù, okùn tẹ́ ẹ dì mú yẹn ti di wáyà iná nìyẹn, ẹ wá fẹnu kan máìkì tí míksà ẹ̀ ní áàtì, láti ètè dé ìka ọwọ́ ni iná á ti gbà kọjá. Mo mọ akọrin tó ṣubú lulẹ̀ lórí pèpéle, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Nítorí náà stepdown ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó gbé áàtì kọjá ni kẹ́ ẹ bèèrè, kẹ́ ẹ sì fi mítà wò ó pé lóòótọ́ ló gbé e kọjá. Ẹni tó bá sọ pé kẹ́ ẹ gé ẹsẹ̀ áàtì kúrò lórí púlọ́ọ̀gì nítorí ariwo hùùù, ẹ má bá onítọ̀hún dọ́rẹ̀ẹ́ mọ́.

Okùn_Mẹ́fà
Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rù ti bà mí báyìí. Micro Terror yẹn wá ńkọ́?

JùjúKìítán
Micro Terror kì í ṣe ámpù burúkú, ó kéré, ó sì le dáadáa, àmọ́ 12AX7 kan ṣoṣo ló wà níwájú ẹ̀, ibi tó ti ń ti sípíkà gan-an transistor ni. Vox Valvetronix náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Kò sóhun tó burú níbẹ̀ tó bá jẹ́ pé ohun tó o fẹ́ nìyẹn, ohun tó burú ni kí wọ́n gba owó túùbù lọ́wọ́ ẹ fún un. Àwọn ẹ̀rọ kan tiẹ̀ wà tí wọ́n fi gílóòbù LED pupa sẹ́yìn túùbù kó lè máa tàn bí ẹni pé iṣẹ́ ńlá ń lọ níbẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, túùbù wo ló wà lápá power? Tó bá dá ẹ lóhùn EL84, 6V6, 6L6 tàbí EL34, ọ̀rọ̀ ti yé e. Tó bá ní "ṣebí o rí i tó ń tàn", máa lọ ilé ẹ.

Èmi fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan kan ṣá. Jùjú lo ní ò ń ta jù. Ohùn jùjú, ohùn tó mọ́ gaara ni, lẹ́ẹ̀dì á máa dún kíní-kíní lórí dùǹdún àti gángan láìfọ́. Túùbù kékeré, tó o bá ti yí fólúmù ẹ̀ sókè báyìí ó ti ń fọ́ nìyẹn, ìfọ́ yẹn gan-an làwọn oní-blues ń torí ẹ̀ rà á. Ṣó dá ẹ lójú pé túùbù lo nílò? Roland Jazz Chorus, JC-120, láti 1975 ló ti wà, kò sí túùbù kankan nínú ẹ̀, ohùn ẹ̀ sì mọ́ dé ibi tó ní kó mọ́ dé.

Ẹ̀pẹ́_Lẹ́ẹ̀dì
JC-120! Ta ló máa bá a gbé e? Sípíkà ínṣì 12 méjì, 120 wọ́ọ̀tì, nínú yàrá kan àti pálọ̀, láńlọ́ọ̀dù lókè. Ẹ̀gbọ́n ẹ ṣàánú ọmọ yìí.

JùjúKìítán
Hahaha, mi ò ní kó ra JC gan-an, mo ní kó mọ ohun tó ń wá ni.

Okùn_Mẹ́fà
Túùbù ni mo fẹ́ ẹ̀gbọ́n. Mo ti fi ti ọ̀rẹ́ mi kan ta á rí, bí ó ṣe ń dáhùn sí ọwọ́ mi, tí mo bá rọra fọwọ́ kàn án ó mọ́, tí mo bá tẹ ọwọ́ mọ́ ọn ó ké, kò tíì sí pedal (àpótí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà) tó fún mi nìyẹn. Àwọn ámpù túùbù kékeré ńkọ́, ṣé 5 wọ́ọ̀tì á tó fún ṣọ́ọ̀ṣì? Ó dà bíi pé ó kéré jù.

JùjúKìítán
Kò kéré bó o ṣe rò ó. Kí ohùn tó lè di ìlọ́po méjì létí èèyàn, wọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Tó o bá fi 10 wọ́ọ̀tì pààrọ̀ 5, decibel mẹ́ta péré lo fi kún un, o ò tiẹ̀ ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Sípíkà ló ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn èèyàn ń yin wọ́ọ̀tì fún. Sípíkà ínṣì 8 tó wà nínú ámpù kékeré, tó o bá yọ wáyà kúrò lára ẹ̀ tó o so ámpù yẹn kan náà mọ́ ínṣì 12 tó dáa, á yà ẹ́ lẹ́nu. Kí ohm wọn ṣáà bára mu, 8 sí 8, 16 sí 16.

Nínú ilé, 5 wọ́ọ̀tì túùbù á mú kí láńlọ́ọ̀dù fún ẹ ní ìwé kí o kó jáde. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tí dúrọ́ọ̀mù ti ń dún, á dún, ṣùgbọ́n kò ní mọ́ fún jùjú, á ti máa fọ́. Èyí ló fi jẹ́ pé tèmi fún ẹ ni 15 wọ́ọ̀tì tó ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń dín in kù.

Àǹtí_Kọ́yà
Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ nǹkan kan nípa túùbù o, kọ́yà ni mò ń darí, ẹ̀yin onílẹ́ẹ̀dì ẹ ṣàánú wa. Ẹ máa ń kọjú ámpù sí ìjọ, ẹ̀yin fúnra yín ò gbọ́, ẹ á wá yí i sókè, ẹ̀rẹ̀kẹ́ soprano mi ló máa ń bọ́ sí. Ẹ gbé e lé àga, ẹ kọ ojú ẹ̀ sókè sí etí ara yín, ẹ wá fi máìkì síwájú ẹ̀ kí ó gba inú míksà lọ sọ́dọ̀ ìjọ. Ọmọ tó ń ta fún wa báyìí, máìkì SM57 ló ń gbé síbẹ̀, kò fi ẹnu máìkì sí àárín sípíkà gangan, ó sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ nítorí àárín yẹn máa ń ta etí. Àlàáfíà ti wà láàárín wa látìgbà náà.

Badagry_Bass
Ẹ gbọ́ ohùn àgbà. Tí máìkì bá ti wà, ọ̀rọ̀ wọ́ọ̀tì ti parí ìdajì.

Ká dárúkọ wá. Epiphone Valve Junior, wọn ò ṣe é mọ́, tòkunbọ̀ ẹ̀ lè bọ́ sí owó ẹ dáadáa, EL84 kan, 12AX7 kan, fólúmù nìkan ló wà lójú ẹ̀, kò ní bass kò ní treble, ilé nìkan ló wà fún. Vox AC4TV, EL84 kan náà, sípíkà ínṣì 10, o lè dín in kù láti 4 wọ́ọ̀tì dé 1 dé ìdá mẹ́rin wọ́ọ̀tì, mo fẹ́ràn tiẹ̀ ju Valve Junior lọ. Bugera V5 ní reverb (èyí tó ń mú kí ohùn dún bí ẹni pé inú gbọ̀ngàn ńlá lo wà), ó ń lọ sí 1 àti 0.1 wọ́ọ̀tì. Blackstar HT-5 àti Marshall DSL5C, àwọn yẹn ké dáadáa, ṣùgbọ́n 12BH7 ni túùbù power wọn, ìyẹn ò wọ́pọ̀ bí EL84, ọjọ́ tó bá kú o máa wá a. Bugera V22 lágbára, 22 wọ́ọ̀tì.

Èyí tí mo máa gbé tó bá jẹ́ èmi ni ẹ ni Laney Cub12R. 15 wọ́ọ̀tì, EL84 méjì, ECC83 mẹ́ta (ECC83 àti 12AX7, nǹkan kan náà ni wọ́n), sípíkà ínṣì 12. Ihò méjì ló ní níwájú, o ti wáyà gìtá bọ ọ̀kan ó jẹ́ 15, o tì í bọ ìkejì kò tó wọ́ọ̀tì kan. Láńlọ́ọ̀dù lókè, ìjọ lọ́jọ́ Sunday, ìṣòro méjèèjì ti tán. Laney ilé iṣẹ́ UK ni wọ́n, tòkunbọ̀ tó bá ti ibẹ̀ wá 230V ni.

Ẹ̀pẹ́_Lẹ́ẹ̀dì
Cub12R ò ní dún bíi Fender ṣá o. Ohùn Blues Junior yàtọ̀.

Badagry_Bass
Ta ló ní kó dún bíi Fender? Owó Blues Junior tuntun, ọwọ́ ẹ ò tó o, ti tòkunbọ̀ ni kó o lọ ń bá stepdown àti áàtì jà. Ẹnjiníà ṣe àlàyé tán lókè.

Okùn_Mẹ́fà
Ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ iná o. Mo yá mítà lọ́wọ́ bọ̀dá kan ládùúgbò. Ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo èèyàn ń lo iná, 176 fóòtì ló kà. Lóru tí gbogbo wọn sùn, 248. Ṣé ámpù túùbù á lè fara dà á?

Ẹnjiníà_Sábó
Ó dáa tó o wọ̀n ọ́n, ọ̀pọ̀ kì í wọ̀n ọ́n. 6.3 fóòtì tó ń mú túùbù gbóná yẹn, ìdá mẹ́wàá ló fàyè gbà, sókè tàbí sísàlẹ̀, ká sọ pé 5.7 sí 6.9. Tá a bá dá a padà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ẹ, láàárín 207 sí 253 ni iná gbọ́dọ̀ wà. 248 tòru yẹn, ó ṣì wà níbẹ̀, ó kàn fẹ́ẹ̀ kọjá ni. Ní 176, ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ túùbù ò tó 5 fóòtì. Á dún, àmọ́ á dún bí ẹni tí ebi ń pa, kò ní ní ìpìlẹ̀, tó bá sì pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀ túùbù á gbó kíá. Àwọn kan á wá máa bú ámpù pé ohùn ẹ̀ ti lọ, NEPA ló gbé ohùn lọ.

Sítébíláísà ni. Kì í ṣe ti fíríìjì ńlá o, kékeré tó dáa tó lè gbé 160 wá sókè ti tó, ámpù ẹ ò lè jẹ ju 100 wọ́ọ̀tì ó lé díẹ̀ lọ. Yàn èyí tó máa ń dúró ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó gbé iná jáde tí wọ́n bá mú iná wá, nítorí ìgbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló máa ń ya wèrè. Ẹni tó wà lórí Band A lè má fi bẹ́ẹ̀ nílò ẹ̀, ìwọ nílò ẹ̀.

Ẹ̀pẹ́_Lẹ́ẹ̀dì
Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? I better pass my neighbour ni wọ́n ń tàn fún wa lóde.

Ẹnjiníà_Sábó
Ìyẹn kọ́ o jàre. Tí wọ́n bá ti fi fáànù kún un ó rẹlẹ̀, tí wọ́n bá yọ ọ́ ó fò sókè, ámpù ẹ ló máa gbà á sára. Fi sítébíláísà sáàárín wọn, tàbí kó o ní kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ tó tóbi wá. Tó bá jẹ́ ìnfátà lẹ ń lò, kó jẹ́ pure sine wave, èyí tí wọ́n ń pè ní modified yẹn á máa han zzzz nínú sípíkà ní gbogbo ìgbà, kò sí bó o ṣe fẹ́ yí tone tó máa lọ.

Okùn_Mẹ́fà
Ẹ̀gbọ́n Badagry, mo ti rí Cub12R kan! Ọ̀gbẹ́ni kan ní Àgrìc ló ń tà á, ó ní UK ni ẹ̀gbọ́n òun ti fi ránṣẹ́, 380k ló pè é. Mo ní mò ń bọ̀ wá wò ó. Kí ni kí n wò?

Badagry_Bass
380k yẹn, iye tó kọ́kọ́ pè nìyẹn, ná an. Gbé gìtá tìẹ lọ, má lo tiwọn, ohùn gìtá tó ò mọ̀ lè tàn ẹ́. Ka ẹ̀yìn ẹ̀. Tan án kó o jókòó tì í ó kéré tán ìlàjì wákàtí, má jẹ́ kí wọ́n sáré lé ẹ, àrùn túùbù máa ń farahàn lẹ́yìn tó bá gbóná. Ti gbogbo nọ́bù yípo, èyí tó bá ń ha gbàrà-gbàrà, ìdọ̀tí ló wà nínú ẹ̀, kò le, fi dínwó. Wo àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì túùbù pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, bóyá ó ti dípẹtà. Létí òkun níbí, atẹ́gùn oníyọ̀ máa ń jẹ ibẹ̀ gan-an, mi ò mọ ti Ìkòròdú, ẹ̀yin náà ṣáà wà létí ọ̀sà.

Ẹnjiníà_Sábó
Mú pẹ́ńsù onígi lọ. Tó bá ti gbóná, fi ìdí pẹ́ńsù rọra kan orí túùbù kọ̀ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn kéékèèké. Èyí tó bá ń dún gbọ́ọ́n jáde nínú sípíkà bí agogo, ó ti gbó, kò tíì kú, àmọ́ fi sọ́kàn. Pa iná yàrá tàbí kó o fi ọwọ́ bo ẹ̀yìn ẹ̀ kó o wo EL84 méjèèjì. Iná wẹ́wẹ́ olómi ọsàn nínú lọ́hùn-ún, bó ṣe yẹ nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé irin eérú tó yí i ká ló ń pọ́n bíi ẹyin iná, pa á lójú ẹsẹ̀, má sanwó.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ wáyà sípíkà nígbà tó ń ṣiṣẹ́, kódà kó jẹ́ láti fi hàn ẹ́ nǹkan. Túùbù láìsí sípíkà, tìráńsífọ́mà tó ń gbé ohùn jáde ló máa jó. Má sì jẹ́ kí wọ́n ṣí inú ẹ̀ lójú ẹ kí wọ́n máa tọ́ka pẹ̀lú ìka. Fóòtì tó wà níbẹ̀ lé ní 300, capacitor máa ń di iná mú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa á, ó lè pa èèyàn pẹ̀lú púlọ́ọ̀gì nílẹ̀.

Àǹtí_Kọ́yà
Ẹ̀ẹ̀hẹ́ẹ̀! Ṣé gìtá náà la ṣì ń sọ?

Okùn_Mẹ́fà
Ẹ̀yin ará, mo gbà á ní 345k. 230V 50Hz ló wà lẹ́yìn ẹ̀, púlọ́ọ̀gì UK ló wà lórí ẹ̀. Pẹ́ńsù ò rí nǹkan kan bá wí lára EL84, ECC83 àkọ́kọ́ ló dún gbọ́ọ́n díẹ̀. Ihò kékeré yẹn, mo ta á lálẹ́ àná, ìyàwó láńlọ́ọ̀dù sọ̀ kalẹ̀ wá ní òun fẹ́ mọ orin tí mò ń ta, kò bínú. Sítébíláísà ni mo fẹ́ fi owó tó kù rà. Ẹnjiníà, ṣé kí n ra túùbù sípéà nísinsìnyí?

Ẹnjiníà_Sábó
Ra ECC83 kan péré, JJ ti Slovakia tàbí Electro-Harmonix ti Rọ́ṣíà, èyíkéyìí tó bá wà nílẹ̀, kó o fi pààrọ̀ àkọ́kọ́ tó dún gbọ́ọ́n yẹn, níbẹ̀ ni ohùn gìtá ti ń kọ́kọ́ wọlé, ibẹ̀ ni ariwo ẹ̀ ti máa ń pọ̀ jù. Pa ámpù, jẹ́ kó tutù, fa túùbù sókè tààrà, má yí i, ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án ló ní, àlàfo kan wà láàárín wọn tó o máa fi mọ ojú ẹ̀. EL84 méjèèjì ṣì dúró, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ kó o rà wọ́n ní méjì tó bára mu. Fíúsì náà, ra bíi mélòó kan sínú àpò gìtá ẹ, iye tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀ gan-an, èyí tó ní T níwájú (ìyẹn fíúsì tí kì í tètè jó), bí wọ́n bá fún ẹ ní èyí tó jù ú lọ lóde pé "á gbé e", má gbà.